Ta Ló Rọ Ife Onídán?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bí onídán bá to ife mẹ́ta sórí tábìlì, tí bọ́ọ̀lù kékeré ń fi abẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ bọ́ sí abẹ́ èkejì, ọwọ́ onídán ni gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tó rọ ife ni mo wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Idán ife ti pẹ́ láyé. Seneca, ọlọ́gbọ́n ará Róòmù ayé àtijọ́, mẹ́nu bà á nínú lẹ́tà kan: ó ní ẹ̀tàn inú rẹ̀ gan-an ló ń dùn mọ́ òun, bí òun bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, adùn bùṣe. Nítorí náà, mi ò ní tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Irin àti bàbà ni tèmi.

Bàbà dára fún ife nítorí ó rọ̀, ó sì wúwo lọ́wọ́. Wọn á gé e róbótó, wọn á fi bo igi tí wọ́n ti gbẹ́ bí inú ife, wọn á máa fi òòlù lù ú yí po. Ṣùgbọ́n lílù a máa mú bàbà le. Bí a kò bá sinmi, yóò sán. Wọn á tì í bọ iná títí yóò fi pọ́n, wọn á rì í bọ omi, yóò sì tún rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ alágbẹ̀dẹ á ti máa wòye: ọ̀bẹ tó pọ́n tí a rì bọ omi, ṣe ló ń le sí i. Bàbà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí ife gbọ́dọ̀ wọnú díẹ̀, kí bọ́ọ̀lù lè jókòó lórí rẹ̀ nígbà tí a bá da ojú ife délẹ̀. Wọ́n tún ń fi igun tó yọ síta yí ara rẹ̀ po, tó fi jẹ́ pé bí ife bá wọnú ara wọn, àyè díẹ̀ ń ṣẹ́ kù láàárín. Ohun tí àyè náà wà fún, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ìró ló ń dójú ti ẹni tó ń rọ ohun èlò idán jù. Ẹ wo òrùka irin ńláńlá tí onídán ń so kọ́ra. Ojúko tí wọ́n ti jó irin pọ̀, wọn á fá a títí èékánná kò fi ní kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀kan bá ń dún yàtọ̀ sí ìyókù, ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá á gbọ́. Ojú ṣeé tàn, etí ṣòro.

Kò yà mí lẹ́nu pé oníṣẹ́ agogo tí a fi ń mọ àkókò ni Robert-Houdin, ará Faransé tó ṣí gbọ̀ngàn idán sí Paris ní 1845. John Nevil Maskelyne, onídán Lọ́ńdọ̀nù, náà tún irú agogo bẹ́ẹ̀ ṣe. Ní 1856, ìjọba Faransé rán Robert-Houdin lọ sí Àlgéríà, kí idán rẹ̀ lè borí ti àwọn àfáà ibẹ̀. Àpótí kékeré tí ọmọdé lè gbé, ó sọ ọ́ di èyí tí akọni kò lè mì: irin wà ní ìdí àpótí, mágínẹ́ẹ̀tì oníná, èyí tó ń fa irin mọ́ra bí iná mànàmáná bá wọ̀ ọ́, wà lábẹ́ pèpéle. Èrò ìjọba yẹn kò dùn mọ́ mi nínú rárá, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin náà mọ́. (Eégún onídán tiwa, aṣọ ló ń fi para dà, alágbẹ̀dẹ kò rí tirẹ̀ jẹ níbẹ̀.)

Lóde òní, ilé iṣẹ́ ńlá ló ń tẹ ọ̀pọ̀ ife jáde, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tọwọ́ rọ, kó mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ dání lọ bá alágbẹ̀dẹ, kó sì jẹ́ kó wọn àtẹ́lẹwọ́ òun kó tó gé bàbà.