Níbo Ni Bàlúù Náà Wà? Ọ̀rọ̀ Lórí Bàlúù Ológun Tó Já Sáàárín Òkè

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọlọ́dẹ ní Adó-Èkìtì. Mo tún un tò díẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o. Àwa tí a dàgbà sáàárín òkè, láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè dé Ìkẹ́rẹ́, a kì í bi ara wa pé níbo ni òkè wà. Òkè Olósùnta kò ṣí nídìí rí. Ẹni tó wà nínú kùrukùru lójú òfuurufú ni kò mọ ibi tí òun wà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: àṣìṣe tó mú bàlúù fi orí sọ òkè, òun náà ló sábà ń fi í pamọ́ fún àwọn tó ń wá a.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1972, bàlúù Fairchild kan tó jẹ́ ti àwọn ológun òfuurufú Uruguay gbéra ní Mendoza, ní Argentina, ó ń lọ sí Santiago ní Chile. Ènìyàn 45 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù rugby ló pọ̀ nínú wọn, pẹ̀lú ẹbí àti ọ̀rẹ́. Bàlúù náà kò lágbára àtigba orí ibi tí òkè Andes ti ga jù, ló bá yí gba gúúsù, kí ó lè gba àlàfo tí wọ́n ń pè ní Planchón kọjá. Tó bá jáde níbẹ̀, yóò dé ojú òfuurufú ìlú Curicó ní Chile, kó tó yà sí àríwá, kó sì máa sọ̀kalẹ̀.

Kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀. Aago àti ìṣirò ni àwọn awakọ̀ fi ń rìn. Láti Planchón dé Curicó tó ìṣẹ́jú 11. Ìṣẹ́jú 3 péré lẹ́yìn tí wọ́n ní àwọn wà ní Planchón, wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó ń darí bàlúù ní Santiago pé àwọn ti dé Curicó. Ìṣẹ́jú 3! Santiago gbà kí wọ́n máa sọ̀kalẹ̀. Àárín òkè gan-an ni wọ́n ti yà sí àríwá. Apá méjèèjì já, ìrù já, ara tó kù yọ̀ gẹ̀rẹ̀ lórí yìnyín títí ó fi dúró níbi tó ga tó nǹkan bí mítà 3,570 sí ojú òkun.

Ọmọ kan bi mí níbi ìjókòó pé ṣé bàlúù kò ní ohun tó ń sọ bó ṣe ga tó ni. Ó ní. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ ń fi agbára afẹ́fẹ́ wọn gíga láti ojú òkun ni. Ó lè sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ bàtà 11,000 lo wà, kó má parọ́, kí òkè tó wà níwájú rẹ sì jẹ́ 14,000.

Àṣìṣe ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn kò tán síbẹ̀. Bàlúù funfun lórí yìnyín funfun, àwọn tó ń wá a kò rí i, ọjọ́ 8 ni wọ́n fi wá a kí wọ́n tó jáwọ́. Inú rédíò kékeré kan ni àwọn tó yè ti gbọ́ pé wọn kò wá àwọn mọ́. Igbákejì awakọ̀ ti sọ kó tó kú pé àwọn ti kọjá Curicó, nítorí náà wọ́n gbà pé Chile wà nítòsí, ní ìwọ̀-oòrùn. Argentina ni wọ́n wà. Ilé ìtura kan tí wọ́n ti tì wà ní ìlà-oòrùn wọn, ní nǹkan bí kìlómítà 20. Òkè tó ga bí ògiri ló wà ní ìwọ̀-oòrùn, òun náà ni méjì nínú àwọn tó yè, Nando Parrado àti Roberto Canessa, sì gùn.

Ọjọ́ bíi mẹ́wàá ni wọ́n rìn kí wọ́n tó rí darandaran kan, Sergio Catalán, ní òdìkejì odò. Ariwo omi kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà so ìwé àti pẹ́ńsù mọ́ òkúta, ó jù ú sí wọn. Parrado kọ ọ́ pé inú bàlúù tó já sáàárín òkè ni òun ti wá. Catalán ju búrẹ́dì sí wọn, ó gun ẹṣin, ó forí lé àgọ́ ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ọjọ́ 72, ènìyàn 16 ló sọ̀ kalẹ̀ láàyè.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1946, bàlúù ológun Amẹ́ríkà kan balẹ̀ sórí yìnyín Gauli ní Switzerland láìròtẹ́lẹ̀. Awakọ̀ rò pé ilẹ̀ Faransé ni àwọn wà, ibẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ dojú ìwákiri kọ. Àwọn 12 tó wà nínú rẹ̀ yè. Bàlúù kékeré tó ní ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ lórí yìnyín ló lọ kó wọn.

Mímọ ibi téèyàn wà nìkan kò tó, ó yẹ kí n sọ ìyẹn. Ní 2012, C-130J àwọn ológun Norway, bàlúù ìgbàlódé, fi orí sọ òkè Kebnekaise ní Sweden. Àwọn tó ń darí bàlúù láti ilẹ̀ ti fún un láṣẹ láti sọ̀kalẹ̀ ju ibi tí òkè gbà lọ, àwọn awakọ̀ kò sì fura. Gbogbo àwọn márùn-ún inú rẹ̀ kú. Nílé níbí, ẹ kò ní gbàgbé bàlúù Dornier àwọn ológun wa tó já lórí òkè ní Benue ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006, nígbà tó ń lọ sí Obudu. Àwọn ọ̀gágun ló kó lọ.

Lónìí, àpótí kan wà nínú bàlúù tó ń ké fún sátẹ́láìtì lórí ìgbì rédíò 406 megahertz tó bá ti já. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982 ni ètò sátẹ́láìtì yìí kọ́kọ́ gba èèyàn là, àwọn mẹ́ta, láàárín òkè Kánádà. Nàìjíríà náà ní ibùdó tó ń gbọ́ igbe yìí, lọ́dọ̀ NEMA ní Abuja. Ṣùgbọ́n tí eríà, irin tí àpótí náà fi ń ránṣẹ́, bá kán, ó di odi nìyẹn.

Ìyẹn ló mú kí bàbá ọlọ́dẹ kan láti Ẹ̀fọ̀n béèrè pé, "Bí àwa bá kọ́kọ́ débẹ̀ ńkọ́?" Bàbá, ẹni tó ṣì ń mí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ má tan iná, ẹ má mu sìgá, epo ti dà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ti ológun, ọta lè wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan àpótí kankan. Ẹ pe 112, kí ẹ dárúkọ òkè, odò àti oko tó wà nítòsí bí ẹ ṣe ń pè wọ́n. Kí ẹ sì rán ẹni tó mọ ọ̀nà sí etí títì, kó dúró de àwọn tó ń bọ̀.