Èjìká Lẹni Tó Ń Gun Ìgbì Fi Ń Rìn: Ohun Tó Yẹ Ká Ṣe Lórí Ilẹ̀ Ká Tó Wọ Òkun

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin òbí tí ẹ tẹ̀lé wọn wá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo mọ̀ pé ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ òkun la pé jọ sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, nígbà tó jẹ́ pé Èkó lọ́hùn-ún lòkun wà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fi gígun ìgbì, eré tí wọ́n ń pè ní surfing, tí èèyàn fi ń dúró lórí pákó kí ìgbì òkun máa gbé e lọ, kún ìdíje Òlíńpíìkì ti Tokyo ní 2021, àwọn ọmọ wa ń rí i lórí fóònù, ó sì ń wù wọ́n. Mo ti tọ́jú ọ̀dọ́ mẹ́ta ní ìlú yìí tí wọ́n lọ lo ìsinmi ní Tarkwa Bay, etíkun kan ní Èkó, tí wọ́n kọ́ eré náà, tí wọ́n sì gbé èjìká ríro bọ̀ wálé. Kò sí èyí tó ṣubú nínú wọn. Pákó ò gbá ìkankan. Ohun tó ṣe wọ́n ti wà lára wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn dé etíkun náà.

Nínú fídíò, ẹni tó dúró gangan lórí pákó lẹ ó rí, tí ìgbì ń gbé e lọ. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Bí èèyàn bá lo wákàtí kan nínú omi, ìṣẹ́jú tó fi dúró lórí ìgbì kì í sábà pé mẹ́fà. Nǹkan bí ìdajì wákàtí yẹn, àyà ló fi dùbúlẹ̀ lórí pákó, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì wa omi. Èyí tó kù, ó ń dúró de ìgbì ni. Èjìká lẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ṣe ṣe é. Ní ìbàdí, orí egungun itan wọ inú kòtò tó jìn, bí ọmọ odó ṣe ń wọnú odó. Ti èjìká ò rí bẹ́ẹ̀. Kòtò tirẹ̀ ò jìn rárá. Àfi bí ìgbà téèyàn gbé ọsàn lé àwo pẹrẹsẹ. Ìdí nìyẹn tí apá fi lè yí síwájú, kó yí sẹ́yìn, kó nà sókè. Iṣan kéékèèké mẹ́rin tó yí oríkèé náà ká ló ń bá wa di ọsàn yẹn mú kó má yẹ̀ lórí àwo.

Wíwa omi ń fún iṣan ńláńlá ti àyà àti ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn lágbára, àwọn tó ń fa apá wọlé. Àwọn kéékèèké tó ń yí apá síta kì í fi bẹ́ẹ̀ ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Bó bá pẹ́, alágbára á máa fa aláìlágbára, èjìká á tẹ̀ síwájú, gbogbo ìgbà tí apá bá sì nà sókè láti tún wa omi ni ọ̀kan nínú àwọn iṣan kéékèèké yẹn á máa há sáàárín egungun. Ibẹ̀ ni ríro ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ ò wọ́n. Ẹ lọ bá fọganáísà, kó bá yín gé tíúbù ọ̀kadà àtijọ́ gbọọrọ. Ẹ so ó mọ́ irin fèrèsé níbi tó ga dé ìgbọ̀nwọ́ yín. Ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí fèrèsé náà, kí ọwọ́ tó jìnnà sí i di tíúbù mú. Ẹ ká ìgbọ̀nwọ́ kò bí igun àpótí, kí ẹ wá ká táwẹ́ẹ̀lì kékeré há àárín ìgbọ̀nwọ́ àti ìhà. Ẹ yí ọwọ́ síta díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta bí ẹ ti ń dá a padà. Bí táwẹ́ẹ̀lì bá já bọ́, iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ àwọn kéékèèké tí à ń wá nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe títí á fi pé ìgbà mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kó rẹ̀ yín, kò burú. Bó bá ń ro yín, ẹ dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjú sí fèrèsé, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa tíúbù wá sí ìhà, kí egungun pẹlẹbẹ méjèèjì tó wà lẹ́yìn èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé.

Ẹ̀yìn ló kàn. Ẹni tó tẹ̀ lé fóònù látàárọ̀ dalẹ́, àárín ẹ̀yìn rẹ̀ á gan. Bó bá wá dùbúlẹ̀ lórí pákó tó gbórí sókè, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ni gbogbo ìtẹ̀ náà ń já lé. Ẹ ká ìró kan roboto, ẹ fi ẹ̀yìn lé e níbi tó bá àyà dọ́gba, kí ẹ gbé ọwọ́ sẹ́yìn orí, kí ẹ jẹ́ kí àyà ṣí bí ẹ ti ń mí jáde.

Mi ò ní fi èyí tó kàn yìí ṣeré. Ní 2004, àwọn dókítà ṣàlàyé àìsàn kan tí wọ́n rí ní Hawaii lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gígun ìgbì. Wọn ò ṣubú, nǹkan kan ò sì gbá wọn. Wọ́n kàn pẹ́ lórí àyà pẹ̀lú ẹ̀yìn títẹ̀ ni, èrò àwọn dókítà sì ni pé ẹ̀jẹ̀ ò dé mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn dáadáa. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti rọ àwọn kan lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ máa dìde jókòó lórí pákó lóòrèkóòrè. Bí ẹ̀yìn bá sì ṣàdédé ń dun yín, tí ẹsẹ̀ ń kú tipiri tàbí tí ìtọ̀ ò wá mọ́, ẹ jáde nínú omi lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

Ti dídìde dúró lórí pákó, ọmọkùnrin Yorùbá ti ní ìpìlẹ̀ rẹ̀: ìdọ̀bálẹ̀ ni. Láti orí ìdọ̀bálẹ̀ lẹ ó ti fi ọwọ́ ti ara sókè, kí ẹsẹ̀ iwájú bọ́ sáàárín ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìbàdí bá gan, orúnkún ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ẹ máa lóṣòó fún ìṣẹ́jú méjì lójoojúmọ́, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀, bí àwọn ìyá wa àgbà ṣe ń lóṣòó bẹ iṣu. Àwa tí a dàgbà sórí àga ti sọ ọ́ nù, ó sì dùn mí.

Ká tó wọ omi, ẹ má na iṣan kí ẹ sì dì í mú pẹ́. Ẹ sáré díẹ̀, ẹ máa ju apá yíká, títí ara á fi gbóná. Tí ẹ bá jáde tán ni kí ẹ tó na ọ̀kọ̀ọ̀kan fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá.

Nígbà ìbéèrè, màmá kan dìde, wọ́n ní, “Dókítà, ọmọ mi ò tíì mọ omi wẹ̀, ṣé tíúbù yìí tó o?” Mo ní, “Rárá, mà. Kó kọ́kọ́ kọ́ omi wíwẹ̀ dájú ná, kó tó fọwọ́ kan pákó.” Ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo pè é wá síbi fèrèsé, mo há táwẹ́ẹ̀lì sí i ní ìhà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó wo màmá rẹ̀, ó sì ń kà á lọ.