Ẹ Wo Ìbéèrè Kẹ́ Ẹ Tó Wo Olùdáhùn
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ti rí i rí níbi àríyànjiyàn: tábìlì méjì, olóòtú láàárín. "Ṣé AI, ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ẹni tó ní làákàyè, dára ni, àbí kò dára?" Ó yá, ìjà dé!

Ibi tá a ti máa ń ṣì í rèé. A ó máa ka ìṣẹ́jú. Lágbájá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lákáṣègbè náà sọ mẹ́wàá, la bá ní wọn ò ṣègbè. Rárá o! Ẹ fi ìṣẹ́jú sílẹ̀. ÌBÉÈRÈ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ jẹ́ n tún un sọ: ÌBÉÈRÈ! Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́ kẹ́nikẹ́ni tó lanu.

Ẹ rántí Munk Debate, àríyànjiyàn ìta gbangba kan tó wáyé ní Toronto, ní Kánádà, lóṣù kẹfà ọdún 2023. Àwọn onímọ̀ ló jà níbẹ̀. Yoshua Bengio àti Max Tegmark ní AI lè pa ìran ènìyàn rẹ́. Yann LeCun àti Melanie Mitchell takò wọ́n. Bẹ́ẹ̀, Bengio àti LeCun yìí wà lára àwọn mẹ́ta tó jọ gba ẹ̀bùn Turing ti 2018, ẹ̀bùn ńlá nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà! Àwọn òǹwòran dìbò ṣáájú, wọ́n tún dìbò lẹ́yìn. Apá tó bá fa èèyàn mọ́ra jù ló borí. Ìdáhùn méjì péré ló wà: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó fẹ́ bèèrè pé "AI wo? Lọ́wọ́ ta? Lábẹ́ òfin wo?", ibo ló máa tẹ̀ka sí?

Nílé ìwé, nígbà tá a fẹ́ ṣe àríyànjiyàn, wọ́n ju owó ẹyọ sókè láti pín wa sí apá méjì. Apá tí mi ò gbà gbọ́ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo borí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo ṣì ń bá wọn jà lé e nílé, bíi pé òótọ́ ni! Ó ń dùn mí dòní.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà; méjì pàápàá kéré. Ẹ wo ẹ̀rọ tó ń dá ojú èèyàn mọ̀. Lọ́dún 2019, NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dán irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò, rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣi aláwọ̀ dúdú àti ará Éṣíà mú fún ẹlòmíì ju aláwọ̀ funfun lọ. Àwọn ẹ̀rọ tó péye jù kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yan "mo fẹ́" tàbí "mi ò fẹ́", ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: èwo lẹ fẹ́ rà? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Tó bá ṣi èèyàn mú, ta ló máa lọ tú u sílẹ̀?