Ojúlé tí wọ́n fò kọjá

BÍSÍ: Délé, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi o.

DÉLÉ: Àǹtí Bísí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí àwọn tó ń gbọ́ wa ná.

BÍSÍ: Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti iṣẹ́ òru bọ̀, ẹ rọra wakọ̀. Ó ti tán. Ní Sátidé tó kọjá, mo ń gbá ẹnu ọ̀nà mi lọ́wọ́, ni ọmọkùnrin kan wọ àdúgbò wa, fóònù lọ́wọ́, ó ń polongo ìbò. Ó kan ilẹ̀kùn ará Vietnam tó wà lápá òsì mi. Ó kan ti ìyá òyìnbó tó wà lápá ọ̀tún. Ó fo tèmi! Mo ní, "Ọmọ mi, ilé tèmi ńkọ́?" Ó wo fóònù rẹ̀, ó ní orúkọ mi ò sí lára èyí tí wọ́n fún òun. Délé, mo ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà láti 2014!

DÉLÉ: Ìgbà wo lẹ dìbò gbẹ̀yìn?

BÍSÍ: Ìyẹn kọ́ la ń sọ.

DÉLÉ: Òun gan-an la ń sọ! (Ẹ̀rín)

BÍSÍ: Ó dáa, 2020 ni. Ọmọ náà ṣàlàyé fún mi. Ní Texas níbí, a kì í fi orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú forúkọ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mọ ẹni tí o dìbò fún. Àmọ́ àkọsílẹ̀ wà tó ń fi hàn bóyá o jáde àbí o jókòó sílé. Ilé ẹni tó ń jáde ni wọ́n ń kàn. Àwa tá a kún àdúgbò Alief ní Houston níbí, tá a kún òpópónà Bissonnet...

DÉLÉ: Ẹ má dé Bissonnet o. Ìgbà tẹ́ ẹ lọ ra ẹran ewúrẹ́ níbẹ̀, wákàtí mẹ́rin la fi wá yín.

BÍSÍ: Ẹran yẹn dùn àbí kò dùn? Fi mí sílẹ̀. Wo ẹkùn ìdìbò keje Texas yìí, tó ń rán èèyàn lọ sí ilé aṣòfin ní Washington. Láti ìbò 1966, àwọn Republican mẹ́ta péré ló jókòó sórí àga yẹn títí di 2018: Bush bàbá, Archer, Culberson. River Oaks, Memorial, àwọn ilé ńlá ìwọ̀ oòrùn Houston. Nínú ìbò ààrẹ 2012, Romney ti Republican fi ohun tó ju 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ na Obama níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, Hillary Clinton ti Democrat fi díẹ̀ borí Trump níbẹ̀, síbẹ̀ Culberson wọlé wẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan wà tó dìbò fún obìnrin yẹn lókè, tí wọ́n sì dìbò fún Republican nísàlẹ̀. Àwọn onílé yẹn ń rò ó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

DÉLÉ: Trump ló lé wọn.

BÍSÍ: Omi ńkọ́? Ìjì Harvey, oṣù kẹjọ 2017! Wọ́n ṣí ẹnu dáàmù Addicks àti Barker, omi wọ ilé olówó, ó wọ ilé mẹ̀kúnnù. Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Onílé ò gbà fún un lóòótọ́. Lizzie Fletcher ti Democrat gba àga náà lọ́wọ́ Culberson ní 2018. Ó sì na Wesley Hunt ti Republican ní 2020.

DÉLÉ: Kí àwọn aṣòfin Texas tó wá tún ààlà ẹkùn pín ní 2021. Wọ́n kó Alief àti apá kan Fort Bend sínú ẹkùn keje, wọ́n gé púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀sìteetì ìwọ̀ oòrùn sínú ẹkùn 38 tuntun. Hunt lọ síbẹ̀, ó sì wọlé ní 2022. Ẹkùn keje di ti Democrat, 38 di ti Republican, ìjà wá kúrò nínú méjèèjì.

BÍSÍ: Ìyẹn ló ń dùn mí! Wọ́n wo awọ ara wa, wọ́n ní Democrat ni wá, wọ́n kó wa jọ bí ẹrù.

DÉLÉ: Ṣé Democrat ni gbogbo wa ni? Nínú ṣọ́ọ̀ṣì mi, àìmọye ọkùnrin ló dìbò fún Republican. Ẹ má gbẹnu sọ fún mi.

BÍSÍ: Délé, o ń gbé ohùn sókè sí mi?

DÉLÉ: Ẹ má bínú, mà. Mo kàn ń sọ pé ká tó bi èèyàn lẹ́gbẹ́ tó wà, ká kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

BÍSÍ: Ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn!

DÉLÉ: Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ o. (Ẹ̀rín)

BÍSÍ: Mo fún ọmọ yẹn ní omi tútù àti puff-puff mẹ́ta. Mo ní kó kọ orúkọ mi, ó ní fóònù ò gbà. Mo wá fi páálí ìforúkọsílẹ̀ mi hàn án, mo ní kó padà wá ní Sátidé.

DÉLÉ: Ẹ rò pé á wá?

BÍSÍ: Èmi á ti gbé àga síta. Ìwọ náà máa bọ̀, kó kan ilẹ̀kùn lójú rẹ.

DÉLÉ: Ẹran ewúrẹ́ máa wà?

BÍSÍ: Ìwọ ni wàá lọ rà á.