Bí a ṣe ń gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan síwájú èrò

Ẹ káàbọ̀ o. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé la wà yìí, ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Lọ́sàn-án òní, aráàlú ń bọ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí oníjó ń gbé ère lérí jó. Ère kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó bá kó mẹ́wàá jáde, ojú èrò á máa sá kiri, etí wọn ò sì ní gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú aago. Ẹ má fi ìpàdé náà sí aago mẹ́rin gééré. Bí aago mẹ́rin bá ti ń kọjá díẹ̀ ni ìrun Alásárì ń wọlé níbí, ìdajì ìjókòó á sì dìde. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú 15 ló dáa. Ẹ ó ti parí kí Mọgaribi tó dé. Lásìkò òjò, ẹ wo òkè: bó bá jẹ́ páànù ló bo yàrá náà, tí òjò sì bẹ̀rẹ̀, kò sí maíkù tó lè borí ariwo rẹ̀.

Ó wá ku ère fúnra rẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ bọ́ aago ọwọ́, ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn tó ń fì dirodiro. Ibọ̀wọ́ òwú kò dáa fún ère tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí: fọ́nrán òwú á kọ́ ọ̀dà, á fà á já, igi á tún máa yọ̀ lọ́wọ́ yín. Ibọ̀wọ́ nitrile, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò, ni kí ẹ wọ̀. Yàtọ̀ sí pé kì í ba ère jẹ́, ó ń dáàbò bo ẹ̀yin náà, torí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò tó ní arsenic, májèlé kan, nínú pa àwọn ère àtijọ́ kan lára.

Ọwọ́ kan lábẹ́, ọwọ́ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má fi etí gbé e, ẹ má sì fi ejò tàbí ẹyẹ tí wọ́n gbẹ́ sórí rẹ̀ gbé e. Ibẹ̀ gan-an ló máa ń ṣẹ́.

Ẹ súnmọ́ ọn kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ rí ìyẹ̀fun bíi èlùbọ́ yìí? Kòkòrò ló ń jẹ igi. Ẹ nù ún kúrò, ẹ tẹ́ ìwé dúdú sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Bí ìyẹ̀fun bá tún já sórí ìwé náà, ère yìí ò jáde lónìí. Ẹ fi ọ̀rá dì í pinpin, ẹ gbé e sínú fírísà tó tutù dé -20°C fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rá fún wákàtí 24. Ẹni tó bá yára tú u, omi á lẹ̀ mọ́ ọn lára, ọ̀dà á sì wú.

Ẹ padà wo ihò abẹ́ rẹ̀. Kò jìn tó láti bo ojú. Orí ni wọ́n ń gbé e lé, bíi fìlà tó dagun síwájú. Aṣọ ló ń bo ojú oníjó, inú aṣọ náà ló sì ti ń ríran. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri bíi fọ́tò. Ẹ dá a dúró lórí ọ̀pá, kó dagun bó ṣe ń dagun lórí oníjó.

Sísọ ọ̀rọ̀ ò le. Kétu, ìlú Yorùbá àtijọ́ ní Benin, ni ọ̀pọ̀ ìtàn tọ́ka sí pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀. Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń kọrin lóru, ère méjì-méjì ń jó lọ́sàn-án, ọkùnrin ló sì ń jó o, ìbáà jẹ́ ojú obìnrin ni wọ́n gbẹ́ sí i. Àwọn ìyá wa ni wọ́n ń ṣe é fún. Lọ́dún 2008, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún aráyé, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ohun tí kò yẹ kí ẹnu sọ síta ńkọ́? Kí ẹ ti jókòó ti àwọn àgbà ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí wọ́n pa ààlà rẹ̀ fún yín.

Ògbufọ̀ ló sábà máa ń jẹ àkókò. Yorùbá, Gùn àti Faransé ni èrò ń gbọ́, nítorí náà ìṣẹ́jú 45 yín kò ju 15 lọ. Ẹ sọ gbólóhùn méjì, kí ẹ dákẹ́. Tó bá kan ìbéèrè, ẹ má ṣe fi maíkù lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ bá a dì í mú. Àgbà á kí gbogbo ilé tán kó tó béèrè, ẹ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kí wọn.

Nígbà tí èrò bá ti lọ, ẹ wo aṣọ funfun tó wà lábẹ́ ère. Èérún ọ̀dà tó bá já síbẹ̀, ẹ má gbá a dànù. Ẹ kó o sínú àpòòwé, ẹ kọ nọ́ńbà ère náà sí i, kí ẹ tó pa iná.