Akínwùmí Ìṣọ̀lá àti Àwọn Tó Yí Alágbára Ká

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣeré orí ìtàgé ní Àgbádárìgì. Ibi tí a wà yìí kò jìnnà sí ibodè Sẹ̀mẹ̀, nítorí náà Kòṣeégbé, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, ni n óò fi ṣíde. Ọdún 1981 ni eré onítàn náà jáde, iṣẹ́ aṣọ́bodè ló sì dá lé. Màkó, ọ̀gá tuntun, kò gba rìbá. Ta ló wá gbógun tì í? Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ tí owó ẹ̀yìn ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ni, àwọn tó ń kí i ní "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀" lójoojúmọ́.

Lójú tèmi, ibẹ̀ yẹn ni Ìṣọ̀lá ti yàtọ̀. Ìkà kì í dá ṣìkà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo Saworoidẹ, fíìmù tí Túndé Kèlání darí ní 1999. Lápítẹ́ jọba Jogbo, ó kọ̀ kò gba gbẹ́rẹ́ tí ì bá so ó mọ́ májẹ̀mú ìlú. Àwọn agégẹdú ń gé igbó lọ, àwọn ìjòyè ń gba ti ọwọ́ wọn. Nígbà tí Làgàta tó jẹ́ ológun fìbọn gbàjọba, ta ni yóò sọ̀rọ̀? Adé àti saworoidẹ, ìlù májẹ̀mú ìlú náà, ló kù tó lè dájọ́. Ọdún tí àwọn sójà padà sí bárékè ní Nàìjíríà náà ni fíìmù yìí jáde, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé.

Ọdún 1939 ni wọ́n bí Ìṣọ̀lá ní abúlé Lábọ̀dé, nítòsí Ìbàdàn. Èdè Faransé ló kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn (èdè tí ẹ̀yin ń gbọ́ ní ibodè láìsanwó ilé ìwé), ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀: ewì inú Àfàìmọ̀, ìtàn àròsọ Ó Le Kú ní 1974, àti eré. Ní 2018 ló papò dà.

Ẹfúnṣetán Aníwúrà ló gba ẹ̀bùn ìdíje Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá ní 1966. Nínú eré yìí, Ẹfúnṣetán tó jẹ́ Ìyálóde Ìbàdàn pàṣẹ pé ẹrú òun kankan kò gbọdọ̀ lóyún, nítorí ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti kú sórí ìkúnlẹ̀. Ìyẹn ló pa Adétutù, ẹrú rẹ̀ tó lóyún. Ẹ̀yin tó ń kọ́ ọmọ, ẹ ṣọ́ra o! Nínú ìtàn, wọ́n pa Ẹfúnṣetán mọ́jú oorun ní 1874. Nínú eré, májèlé ló gbé jẹ. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ti eré sínú ìdánwò ìtàn. Àwọn onímọ̀ kan sì rò pé eré náà ro ẹjọ́ obìnrin náà lápá kan. Mo gbà pẹ̀lú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré náà dùn dọ́ba.

Olú Ọmọ, ti 1983, kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Tinúubú ló dá lé, obìnrin tó gbé Àgbádárìgì pẹ̀lú Adéle ọkọ rẹ̀ kí Adéle tó padà sórí oyè ní Èkó ní 1835. Ìlú yín yìí ni òwò rẹ̀ ti gbèrú: tábà, iyọ̀, ẹrú. Ẹ má fi ẹrú pamọ́ fún àwọn ọmọ.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé Kòṣeégbé sórí ìtàgé níbí, kí ẹ kọ́kọ́ kà á yípo lẹ́ẹ̀mejì lórí ìjókòó kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Kíkà kìn-ín-ní, fún àmì ohùn nìkan: òwe tí ohùn rẹ̀ bá ṣì, òǹwòran á rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ. Ẹ má sì fún Màkó ní ohùn wòlíì. Bó bá ń wàásù, àwọn agbowó-ẹ̀yìn ni òǹwòran á máa pàtẹ́wọ́ fún, torí ọ̀dọ̀ wọn ni àwàdà wà. Kí ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí ó máa dákẹ́. Òṣèré tó jẹ́ Ẹ̀gùn kò gbọ́dọ̀ fi ohùn rẹ̀ pamọ́ bó bá ń ṣe aṣọ́bodè: ta ló rí ibodè tí wọ́n ti ń sọ èdè kan ṣoṣo rí?