Nígbà Tí Olówó Ẹgbẹ́ Bá Tú Àpò: Ohun Tí Olólùfẹ́ Béésìbọ́ọ̀lù Ń Wò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Ẹ̀yin tí bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ti mọ́ lára, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan. Nínú líìgì béésìbọ́ọ̀lù ńlá Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tó bá gbẹ́yìn kì í já wálẹ̀ sí ìpele ìsàlẹ̀. Ó lè gbẹ́yìn léraléra kí owó ṣì máa wọlé. Ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá pa ládùúgbò rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ìnáwó pápá, ni wọ́n ń kó jọ, tí ẹgbẹ́ 30 á sì pín in dọ́gba. Ahun lè ni ẹgbẹ́ kó sì máa jèrè. Olólùfẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí olówó ẹgbẹ́ bá ṣe bí ọ̀làwọ́, bí inú olólùfẹ́ ṣe ń dùn ló ń fura.

San Diego ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ìlú náà ti rí tibi tire. Lọ́dún 1993, Padres, ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù ìlú náà, kó Gary Sheffield àti Fred McGriff fún ẹgbẹ́ mìíràn láàárín sáà, wọ́n sì pàdánù eré 101. Ọdún 1998 tún wá burú lọ́nà tirẹ̀. Wọ́n gba ife National League, ìyẹn ìdajì kan líìgì ńlá náà, ẹgbẹ́ Yankees nà wọ́n 4 sí òdo nínú World Series tó jẹ́ àṣekágbá, síbẹ̀ ará ìlú jáde ní oṣù Kọkànlá, wọ́n dìbò pé kí owó ìlú kọ́ pápá tuntun. Kò tó oṣù méjì tí Kevin Brown, ajùbọ́ọ̀lù àgbà wọn, fi bọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Dodgers pẹ̀lú àdéhùn ọdún 7, 105 mílíọ̀nù dọ́là. Ken Caminiti àti Steve Finley náà lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Ṣùgbọ́n Miami ló kọ́ gbogbo ayé bí a ṣe ń ka ìwé àdéhùn. Ní oṣù Kejìlá 2011, bí pápá tuntun tí owó ìlú kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe ń parí lọ, Marlins, ẹgbẹ́ Miami, gba José Reyes ní 106 mílíọ̀nù fún ọdún 6, Mark Buehrle ní 58 mílíọ̀nù fún ọdún 4, àti Heath Bell ní 27 mílíọ̀nù fún ọdún 3. Ariwo ta. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe to owó náà. Mílíọ̀nù 10 péré ni Reyes máa gbà lọ́dún àkọ́kọ́, 10 lọ́dún kejì, 22 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta ìparí. Ti Buehrle bẹ̀rẹ̀ láti 6, ó gun orí 11, ó fò dé 18 àti 19. Ẹrù gidi wà ní ìparí. Ohun kejì, nígbà náà, Marlins kì í fún agbábọ́ọ̀lù kankan ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fi í ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ so méjèèjì pọ̀: ẹgbẹ́ lè san owó kékeré ọdún kan, kó sì gbé ẹrù wúwo lé ẹlòmíràn lórí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n pàdánù eré 93 lọ́dún 2012. Ní oṣù Kọkànlá, Reyes àti Buehrle ti di ti Toronto. Èrò tó wọ pápá lọ́dún yẹn lé ní 2.2 mílíọ̀nù, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò pé 1.6.

Nítorí náà, nígbà tí Padres padà dé pẹ̀lú owó, ìwé àdéhùn ni àwọn tó gbọ́n wò. Manny Machado, 2019: ọdún 10, 300 mílíọ̀nù. Fernando Tatis Jr., 2021: ọdún 14, 340 mílíọ̀nù, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti kọ pàṣípààrọ̀. Xander Bogaerts, oṣù Kejìlá 2022: ọdún 11, 280 mílíọ̀nù, òun náà ní ẹ̀tọ́ yẹn. Bó bá tiẹ̀ wu ẹgbẹ́ láti tú Tatis àti Bogaerts ká, wọn ò lè dá a ṣe.

Kí n má parọ́, ọgbọ́n wà nínú ọdún gígùn yẹn. Líìgì máa ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí owó agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ bá kọjá òdiwọ̀n. 233 mílíọ̀nù ni lọ́dún 2023. Iye tí wọ́n fi ń ṣírò ni àpapọ̀ àdéhùn tí a pín sí iye ọdún. 280 pín sí 11 fi díẹ̀ lé ní 25 lọ́dún. Ká ní ọdún 7 ni, 40 ni ì bá jẹ́. Bogaerts ti pé ọmọ 30 ọdún nígbà tó fọwọ́ sí i, ẹni tó mọ eré sì mọ̀ pé wọ́n á máa sanwó fún un nígbà tí eegun rẹ̀ bá ti le. Owó orí sì máa ń ga sí i fún ẹni tó bá kọjá òdiwọ̀n léraléra: ìdá 20, lẹ́yìn náà 30, lẹ́yìn náà 50, àfikún sì wà fún ẹni tó bá kọjá rẹ̀ jìnnà. Lọ́dún kẹta wọn, 2023, ó lé ní mílíọ̀nù 39 tí Padres san.

Kí ni wọ́n fi gbà? Eré 82 ni wọ́n jẹ, 80 ni wọ́n pàdánù, wọn ò wọ ìdíje ìparí. Nínú eré tí àmì ayò kan ṣoṣo pín, wọ́n jẹ 9, wọ́n pàdánù 23. Síbẹ̀ ẹ ṣírò rẹ̀: pápá wọn gba nǹkan bí 40,000 èèyàn, eré 81 ni wọ́n ń gbà nílé, bó bá kún lójoojúmọ́, 3.24 mílíọ̀nù ni. Èrò tó wá lọ́dún yẹn kọjá bẹ́ẹ̀. Chargers, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) ìlú náà, ti kó lọ sí Los Angeles lọ́dún 2017, òótọ́ ni, Padres nìkan ló kù fún wọn ní irú ìpele bẹ́ẹ̀. Ìyẹn nìkan ò tó láti kún pápá fún ẹgbẹ́ tó ń kọsẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún 2023 kan náà ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé eré wọn jáde dáwọ́ owó dúró. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n fi Juan Soto, agbábọ́ọ̀lù wọn tí àdéhùn rẹ̀ ku ọdún kan, ránṣẹ́ sí Yankees. Lójú mi, ibẹ̀ ni ìdánwò gidi wà, torí pé bí 1993 àti 1998 ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Peter Seidler, olówó ẹgbẹ́ tó tú àpò náà, ti kú ní oṣù tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n àdéhùn Bogaerts àti èyí tuntun tí Machado fọwọ́ sí lọ́dún 2023 dé 2033, ti Tatis dé 2034, ojú gbogbo ará ìlú ló sì wà lára ọjọ́ wọ̀nyẹn. Lọ́dún 2024, èrò tó wọ pápá pọ̀ ju ti 2023 lọ.